Ọpẹ́ Alẹ́ Nínú Ilé Opó

Ní àárọ̀ àná, àwọn ọmọkùnrin Kambolé tó ń gun sémíjàn, alùpùpù akérò, kiri Komah níbí ní Sokodé já iṣu tuntun sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi. N kò rí wọn. Inú ilé ni mo wà, mo ń fọ abọ́. Òórùn ló kọ́kọ́ wọlé tọ̀ mí wá, òórùn iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, tí oje rẹ̀ kò tíì gbẹ, tí erùpẹ̀ tútù ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra iṣu lẹ́yìn tó ti sùn káàkiri ojú ọ̀nà, ẹ ò lè mọ òórùn yẹn. Mo gbé abọ́ sílẹ̀, mo jókòó sórí àpótí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ọmọ-ọmọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi bi mí pé kí ló dé, mo ní ọwọ́ mi ló rántí nǹkan.

Ọwọ́ mi yìí, ẹ wò ó dáadáa. Ó ti gé iṣu nígbà tí obìnrin kì í gé iṣu ní ìlú wa. Mo ń yangàn ni, ẹ jẹ́ kí n yangàn. Mo ti dàgbà kọjá ẹni tí wọ́n ń ní kó rọra. Àwọn ọmọ mi tó wà ní Lomé rò pé ìdí aṣọ tí mò ń tà ní Komah ni wọ́n bí mi sí. Wọn ò mọ̀ pé ọdún kan wà tó jẹ́ pé bí ọwọ́ yìí kò bá mọ iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an, ilé wa ni ì bá tú.

Kambolé ni wọ́n ti bí mi, nínú agbo ilé kan tí igi máńgòrò ńlá wà láàárín rẹ̀. Abẹ́ igi yẹn la ti ń gún iyán, abẹ́ rẹ̀ la ti ń kéwú, abẹ́ rẹ̀ náà ni ewúrẹ́ gbogbo àdúgbò ti ń wá sùn bí ẹni pé àwọn ló san owó orí. Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Ó gbà pé ohun méjì ló ń mú ènìyàn dúró láyé, kó kírun ní àsìkò, kó sì gé iṣu ní àsìkò. Ó máa ń ṣàwàdà pé Ọlọ́run lè dárí ji ẹni tó pẹ́ nínú àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n labokó kì í dárí ji ẹnikẹ́ni.

Labokó ni iṣu tó jẹ́ olórí oko wa, kì í sì í ṣe iṣu tí a ń wà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láàárín òjò, nígbà tí ìtàkùn ṣì tútù yọ̀yọ̀, àgbẹ̀ á rọra ṣí ẹ̀gbẹ́ ebè, á fi ọwọ́ wá iṣu kàn, á gé e lọ́rùn, á yọ ọ́ jáde. Orí rẹ̀ á wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìtàkùn àti gbòǹgbò wẹ́wẹ́, á sì kó erùpẹ̀ bò ó padà. Orí tó kù yẹn ni yóò tún bí àwọn iṣu kéékèèké kí ọyẹ́ tó dé, àwọn wọ̀nyí la ń pè ní ẹ̀bù, àwọn la ó gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Èyí tí a gé ni a ó jẹ, èyí tó kù lábẹ́ ilẹ̀ ni ọ̀la wa. Ọkùnrin ló ń gé. Obìnrin á dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n, á gbà á, á gbé e lọ sílé.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, mo ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún méjìlá. Sàlíù àbúrò mi ni ó tẹ̀lé mi, Ràbí àbíkẹ́yìn kò tíì mọ bí a ṣe ń wọ bàtà láìfi ti ọ̀tún sí òsì. Òjò pọ̀ lọ́dún náà. Bàbá mi bá kamíọ̀n alágbàdo lọ sí ọjà Tchamba láàárọ̀, nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ọkọ̀ náà yọ̀ nínú ẹrẹ̀, ó sì dojú dé. Àwọn yòókù fara pa. Bàbá mi ni wọ́n gbé wálé lórí ẹní, wọ́n sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ti wí. Mo rántí pé mo ṣì ń dúró kó wọlé lẹ́yìn tí wọ́n ti ibojì dé, nítorí mi ò tíì fún un ní omi tó ní kí n bá òun fi pamọ́. Ó dùn mí títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya mí ní wèrè, kí ni n ó fi pamọ́ fún yín.

Àwọn obìnrin wá kí ìyá mi. Ọ̀kan nínú wọn sọ ohun tí gbogbo ayé ń sọ, ó ní kó ṣọpẹ́, pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ìyá mi kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Agbè gan-an ló fọ́, ìyá. Omi ló kù sí mi lọ́wọ́, àwọn ọmọ mẹ́ta yìí. Ẹ bá mi wá ohun tí n ó gbé wọn sí." Obìnrin náà wò mí, ó wo Sàlíù, ó sì di ọwọ́ ìyá mi mú.

Opó ìyá mi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá bí àwọn Mùsùlùmí ṣe ń ṣe é. Kò ní lọ sóko, kò ní lọ sọ́jà, inú agbo ilé ni yóò wà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Bàbá Músá, ló ń bójú tó wa. Ènìyàn dáadáa ni, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ìkà, ṣùgbọ́n ó ní ìyàwó méjì àti ọmọ tó pọ̀ bí ẹyẹ ẹ̀gà, oko tirẹ̀ sì ju agbára rẹ̀ lọ. Ó jókòó níwájú ìyá mi ní ọjọ́ kan, ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Ilé tí kò bá ní ẹ̀bù kò ní ohun tí yóò gbìn. Bí opó bá tán tí kò sí ẹ̀bù nínú oko àbúrò òun, òun ò lè bọ́ wa pẹ̀lú àwọn tòun; èmi á lọ sọ́dọ̀ àbúrò wọn obìnrin ní Sokodé láti máa bá a ṣiṣẹ́ ilé, Sàlíù á sọdá bọ́dà lọ sọ́dọ̀ àwọn ìbátan wa ní Benin, Ràbí nìkan ni yóò dúró ti ìyá rẹ̀. Bí ẹ̀bù bá wà, kí gbogbo wa dúró. Ìyá mi ní òun ti gbọ́.

Ìgbà gígé iṣu sì ti dé tán. Àwọn ẹlẹgbẹ́ àáró bàbá mi ti wá ro oko náà fún wa nígbà òkú, Ọlọ́run á san án fún wọn, ṣùgbọ́n gígé labokó kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí tìrẹ tó gé ni ti aládùúgbò rẹ náà tó gé. Bàbá Músá ní bí òun bá parí tòun, òun á wá gé tiwa. Gbogbo wa mọ̀ pé nígbà tó bá fi parí, òjò á ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, orí iṣu tí a bá dá padà kò sì ní rí omi tí yóò fi bí ọmọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí bá ìyá mi lábẹ́ máńgòrò nínú aṣọ opó rẹ̀. Ó ti kó yanrìn jọ, ó ti mọ ọ́n bí ebè, ó sì ri iṣu kan sínú rẹ̀, ó fi okùn so mọ́ orí rẹ̀ kó dà bí ìtàkùn. Ó pè mí, ó fún mi ní ọ̀bẹ bàbá mi. Ẹ̀rù bà mí láti gbà á. Ó ní ọ̀bẹ kò mọ ọkùnrin, kò mọ obìnrin, ẹni tó bá dì í mú ló mọ̀. Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti fẹ́ ẹ ló ti ń dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n, kò sì fi ojú rẹ̀ wo ibòmíràn. Bó ṣe ń kọ́ mi nìyẹn, nínú yanrìn, pé kí n má ṣí iwájú ebè, ẹ̀gbẹ́ ni kí n ṣí, kí ìka wá ọrùn iṣu rí kí ọ̀bẹ tó wọlé, kí n má fa nǹkan kan. Bàbá Músá kọjá, ó wò wá, ó mi orí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni ọpẹ́ alẹ́ bẹ̀rẹ̀. A ti kírun Màgàríbì, oúnjẹ ti wà nílẹ̀, ìyá mi fi ọwọ́ bo ìkòkò. Ó ní òun kò lè jáde títí opó òun yóò fi tán, ìta ti di ohun tí àwa nìkan ń rí. Nítorí náà, lójoojúmọ́, kí olúkúlùkù wa mú ohun kan wálé fún òun tí òun yóò fi lè sọ pé àlùhàmúdùlílàhì. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, a gbọ́dọ̀ fi ojú wa rí i. Ẹni tí kò bá ní ọpẹ́ kò tíì lè bu oúnjẹ. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí á ní ìfìyàjẹni ni. Àwa náà sọ bẹ́ẹ̀ nínú wa.

Ràbí kò ní wàhálà. Ní gbogbo alẹ́ ló ń dúpẹ́ nítorí adìyẹ dúdú kan tó máa ń sùn sẹ́nu ọ̀nà wa. Nígbà tí a pa adìyẹ náà fún àlejò, a ń wò ó pé ibo ni yóò gbà; ó ní òun dúpẹ́ nítorí ọbẹ̀. Sàlíù ní tirẹ̀ á mú ohun tí kò ṣeé gbọ́ sétí wá, pé òun dúpẹ́ pé òjò lé òun kò bá òun, pé òun dúpẹ́ pé ewúrẹ́ jẹ fìlà mọ́álíìmù wa, kò sì jẹ pátápátá. Ìyá mi á rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn nìkan ni mo máa ń rí eyín rẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo sì rò pé Sàlíù mọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wá ìsọkúsọ. Bó bá bi ìyá wa pé ọpẹ́ tirẹ̀ ńkọ́, á ní tòun ṣì wà lórí iná. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé kí a má dárúkọ bàbá wa nínú ọpẹ́ náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí oko. Èmi àti Sàlíù ló lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, èmi pẹ̀lú ọ̀bẹ, òun pẹ̀lú agbọ̀n tó tóbi jù ú lọ. Yanrìn ilé kò jọ ebè. Ilẹ̀ le, ìka mi kò rí ọrùn iṣu, mo fa ohun tí wọ́n ní kí n má fà, iṣu sì bá mi jáde tòun ti orí, tòun ti gbòǹgbò, bí ẹni fa ẹ̀gẹ́. Mo sáré rì í padà bí ẹni pé kò sí ẹni tó rí i. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ìtàkùn ebè yẹn ti rọ, àti ti èkejì rẹ̀, àti ti ẹ̀kẹta. Àwọn àgbẹ̀ tó ń kọjá ń rẹ́rìn-ín. Mo jókòó sínú poro, mo sunkún, kì í ṣe nítorí ẹ̀rín wọn. Mo ń rí Sàlíù lójú mi níbi tó ti ń sọdá bọ́dà pẹ̀lú ẹrù lórí.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sọ fún ìyá mi pé mi ò ní ọpẹ́. Mo ní ebè tí mo bà jẹ́ nìkan ni mo rí. Ó gbé ìkòkò lọ sẹ́yìn rẹ̀. Ebi ń pa Sàlíù, ó ń wò mí bí ẹni pé kó bù mí jẹ. Ìyá mi ní, "Àwọn ebè tó kù ńkọ́?" Mo ní wọ́n pọ̀. Ó ní, "O kò rí wọn ni?" Mo ní mo rí wọn. Ó gbé ìkòkò padà wá, ó sì bu oúnjẹ fún mi ṣáájú ẹnikẹ́ni.

Mo tún lọ ní ọjọ́ kejì. Mo fi ọ̀bẹ sílẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, mo di ojú, mo fi ìka wá a gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń wá abẹ́rẹ́ nínú aṣọ, títí mo fi kan ọrùn rẹ̀. Iṣu náà jáde funfun, ìtàkùn rẹ̀ kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ariwo tí Sàlíù pa, wọ́n á gbọ́ ọ ní Tchamba. Láti ọjọ́ yẹn, a ń gé, a ń gbé, a ń gé, a ń gbé. Ọkùnrin kan tó ń sọ èdè Tem, tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà, wò wá fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Nígbà tó yá, ó sọdá, ó gé poro kan gbáko fún wa, ó kí wa ní èdè rẹ̀, ó sì padà sínú oko tirẹ̀. A ò gbọ́ èdè ara wa. Òun ni ọpẹ́ Sàlíù lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì fi ẹ̀fẹ̀ kankan kún un.

Nígbà tí Bàbá Músá fi parí oko tirẹ̀ tó wá gé tiwa, kò bá nǹkan kan tó kù láti gé. Ó rìn yí oko náà ká. Ó ní gígé kì í ṣe ẹ̀bù o, orí tó jẹrà kì í pariwo, pé ká dúró títí opó yóò fi tán ká wo ohun tó wà nísàlẹ̀. Òótọ́ ló sọ. A dúró. Òjò dáwọ́ dúró, ewé iṣu bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ọpẹ́ alẹ́ sì ń lọ. N kò lè ka gbogbo ohun tí mo kó wọlé fún ìyá mi nígbà yẹn, òórùn àgbàdo sísun lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, ọmọ tuntun tí aládùúgbò wa bí, omi kànga tó tutù lọ́jọ́ tí ooru mú. Ó ṣàjèjì sí mi pé bí mo ṣe ń wá nǹkan fún un ni mo ń rí i fún ara mi. Mo ṣì ń sunkún bàbá mi, ṣùgbọ́n ojú tí mo fi ń sunkún ti bẹ̀rẹ̀ sí í ríran.

Opó tán ní ìgbà tí ọyẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó kírun, kò sì kí ẹnikẹ́ni kó tó dojú kọ ọ̀nà oko. Bàbá Músá ń bọ̀ lẹ́yìn wa pẹ̀lú ọkọ́ rẹ̀. Ebè tí mo bà jẹ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ló wà lẹ́nu ọ̀nà, òun sì ni Bàbá Músá kọ́kọ́ tú. Òfo. Ó tú èkejì, òfo. Ìyá mi gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọjá sínú oko, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè mìíràn, ó sì fi ọwọ́ tú u.

Ẹ̀bù ló wà níbẹ̀, wọ́n dì mọ́ra wọn bí ọmọ ajá lábẹ́ ìyá. Ó tú òmíràn, bẹ́ẹ̀ náà ni. Bàbá Músá náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tú ebè ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ń yára bí ọ̀dọ́mọkùnrin, ẹ̀bù, ẹ̀bù, ẹ̀bù. Nígbà tó yá, ó dúró, ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí aṣọ rẹ̀, ó ní eruku ni. Ó pè mí ní orúkọ bàbá mi. Ó ní, "Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò lọ síbì kankan mọ́." Mo ti gba oríṣiríṣi ìyìn láyé mi lẹ́yìn ìyẹn, kò sí èyí tó tó o.

Sàlíù kò lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ó bi ìyá wa níbẹ̀ pé, Ìyá, tiyín ńkọ́, ìgbà wo lẹ máa dá ọpẹ́ tiyín? Mo fẹ́ gbá a lẹ́nu. Ìyá mi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, erùpẹ̀ dé ìgúnpá rẹ̀. Ó wo oko náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun.

Ó ní, "Mo dúpẹ́ pé ọkùnrin yẹn fẹ́ mi."

Lẹ́yìn náà ló sunkún, ẹkún tí kò sun tó nínú opó, àwa náà sì bá a sun ún, láàárín ebè, pẹ̀lú ẹ̀bù káàkiri ẹsẹ̀ wa. Láti ọjọ́ yẹn la ti ń dárúkọ bàbá wa nílé. A ń sọ àwàdà rẹ̀, a ń rẹ́rìn-ín sí i.

Ayé ti yí. Ọ̀nà Tchamba dára ju ti àtijọ́ lọ, àwọn ọmọ Kambolé ń gun sémíjàn ní Sokodé dípò kí wọ́n kọ ebè, àwọn ọmọ mi sì ń fi pọ́tábù, fóònù alágbèéká yìí, kí mi láti Lomé, a ń rí ojú ara wa nínú rẹ̀. Obìnrin tó bá ń gé labokó lónìí, kò sí ẹni tí yóò dúró wò ó. Mo máa ń sọ fún wọn pé èmi ni mo la ọ̀nà náà; wọ́n á ní ẹ kú iṣẹ́, Màmá, wọ́n á sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Ìyá mi ti lọ, Bàbá Músá ti lọ. Ọkọ tèmi náà lọ, nígbà tí mo jókòó nínú opó tèmi, àwọn ọmọ-ọmọ mi ló ń kó ìta wọlé fún mi ní alẹ́. Ó dùn mí bó ṣe dun ìyá mi. Ṣùgbọ́n mi ò pẹ́ kí n tó mọ ohun tí n ó fi dúpẹ́, ẹnìkan ti kọ́ mi.

Wọn kò pín wa. Sàlíù ti di bàbá àgbà, ó ṣì ń sọ ìsọkúsọ, ó sì wà lórí oko yẹn títí di òní. Kò ra ẹ̀bù rí, kò yá ẹ̀bù rí. Èyí tó gbìn lọ́dún yìí, inú ti èṣí ló ti wá, ti èṣí wá láti inú ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ sẹ́yìn títí dé inú àwọn ebè tí mo gé. Bàbá wa ló gbìn wọ́n.